Ilé Ńkọ́?

Ìwé àkọsílẹ̀ Bọ̀dá Múdà, ogójì ewé,
irú èyí tí ìsọdipúpọ̀ máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.
Inú rẹ̀ ni gbogbo sáfà wa ń gbé:
orúkọ wọn, àdírẹ́ẹ̀sì wọn, ọjọ́ tí owó wọn ń pé,
ọ̀rọ̀ aṣínà tó kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú
kí olè má baà mọ̀ ọ́n kà.
Àwa náà ò mọ̀ ọ́n kà.

Ó kú lóṣù Agẹmọ, lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ní Jímọ̀ kejì, òrùlé ọ́fíìsì wa jò
ní títì Ṣíteṣọ̀n, l'Óṣogbo níbí,
òjò fọ ewé kẹtàdínlógún mọ́ tónítóní.
Bí oníbàárà bá pè láti Ìkìrun pé òun ò rójú òpó òun mọ́,
mo máa ń ṣí ìwé náà bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ kànga.

Ni mo bá jókòó ti irinṣẹ́ adáṣiṣẹ́ kan,
ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jẹun, tí kì í béèrè owó ọkọ̀,
ṣùgbọ́n alágídí ni:
fi àlàfo kan síbi tí méjì yẹ kó wà,
yóò fìdí kalẹ̀, yóò ní àṣìṣe wà ní ìlà kejìlá,
bẹ́ẹ̀ ìlà kọkànlá ló ti bàjẹ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bá ara wa jà.
Sàúbánà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ ní kí n lọ sùn.

Lóru Ọjọ́rú kan, ó gbà, ó jáde lọ.
Ó ń kanlẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
àwọn tó wà ní Jámánì nínú òtútù tí n kò rí rí,
àwọn méjì tó ń làágùn l'Ékòó:
Ta ni ọ́? Àyè mélòó ló kù níkùn rẹ?
Ìgbà wo lowó rẹ ń pé?
Wọ́n ń dáhùn, ó ń kọ ọ́,
ìlà tẹ̀lé ìlà bí ebè àgbẹ̀ tó mọ okùn ta.

Mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé.
Méjìlélógójì ló dáhùn.

Èyí tó kẹ́yìn ń jẹ́ Múlíká.
Ọmọ Bọ̀dá Múdà ni Múlíká,
ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ílọrin.
Mo kọ orúkọ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ilẹ̀kùn ṣí.
Kò sí ojú òpó oníbàárà kankan níbẹ̀,
àfi iṣẹ́ kan, ìlà mẹ́fà péré:
ní wákàtí wákàtí, kí ó pe ilé kan l'Ókè-Báálẹ̀,
kí ó béèrè pé, “Ilé ńkọ́?”
Bí iná bá wà, àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lórí fíríìjì á ní, “Wọ́n wà.”
Bí kò bá sí, ìlà á ṣófo.

Ọdún mẹ́sàn-án.
Mo rí ọ̀sẹ̀ tí tiransifọ́mà jó.
Mo rí òru Iléyá kan tí iná wà títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mo rí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Jímọ̀, oṣù Agẹmọ:
ẹnìkan ti fa okùn yọ, ó ki ti fáànù bọ̀ ọ́
fún àwọn tó wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù.
Láti ìgbà náà, ilé ńkọ́, ilé ńkọ́,
ilé ńkọ́.

Alhaja tó ni ọ́fíìsì ní, “Sáfà tí ò bá pawó, ẹ pa á.”
Òótọ́ ni. Dọ́là ti gbówó lórí,
ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí owó rẹ̀ pé.
Mo pe Múlíká. Ó dákẹ́ pẹ́.
“Àǹtí Kífá, iná kì í pẹ́ dé tí Bàámi á fi pè láti ibi iṣẹ́
pé kí n lọ aṣọ ilé-ìwé mi.
Mo rò pé Màámi ló ń sọ fún wọn.”

Mo ṣí fáìlì, mo fi kún un, àlàfo méjì:
orúkọ, Múlíká. Ibùgbé, Jámánì.
Iṣẹ́, kí ilé.
Ẹni tó ń sanwó:
nísàlẹ̀, Sàúbánà ń wọ́ ilẹ̀kùn páànù rẹ̀ tì.
Mo tẹ lẹ́tà mẹ́rin.

Irinṣẹ́ ní àṣìṣe wà ní ìlà kejìlá.
Mo wo ìlà kọkànlá.